ǸJẸ́ Ó YẸ KÍ ỌMỌ MÙSÙLÙMÍ LỌ KỌ́ ÌMỌ̀ ÀGBÉKALẸ̀ ORIN?

  

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí a lè fi gbólóhùn kan dáhùn. Ó máa ń jẹ yọ nígbà tí àkókò fọ́ọ̀mù JAMB bá tó. Ọmọ kan tí etí rẹ̀ mú, tí ó lè gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì gbé e bí ó ti rí, yóò ní òun fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì. Kì í ṣe pé ó fẹ́ máa kọrin kiri òde àríyá o. Àgbékalẹ̀ orin ni ó fẹ́ kọ́: bí a ṣe ń ronú orin tuntun, bí a ṣe ń to ohùn mọ́ ohùn, bí a ṣe ń kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lè kà á kí ó sì gbé e jáde. Bàbá yóò ní, "Ṣé alágbe ni mo fẹ́ fi owó mi tọ́ ni?" Ìyá yóò ní kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àáfáà àdúgbò yóò ní harámù ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ní ayé ti là, kí ó ṣe ohun tí ó wù ú. Ọmọ náà yóò wá dúró sí agbedeméjì, kò ní mọ ẹni tí òun ì bá gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a kọ èyí fún, àti àwọn òbí rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: fún Yorùbá, ohùn orin àti òtítọ́ ọ̀rọ̀ kò ṣe é yà nípa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gbé orin kalẹ̀, ẹ̀rí ni ó ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ṣe ń jẹ́ ẹ níwájú adájọ́. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdájọ́ ẹ̀kọ́ náà.

KÍ NI WỌ́N Ń KỌ́ NÍBẸ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń bínú sí ẹ̀kọ́ yìí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1795 ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Paris tí ó jẹ́ ti orin, èyí tí wọ́n ń pè ní Conservatoire. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní àwọn ìlú Mùsùlùmí pẹ̀lú. Ankara ní orílẹ̀-èdè Turkey ní tirẹ̀ ní ọdún 1936, Cairo ní ilẹ̀ Íjíbítì ní tirẹ̀ ní ọdún 1959. Ní ilẹ̀ tiwa, University of Nigeria, Nsukka, ni ó kọ́kọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin, ní ọdún 1961. Ifẹ̀ tí ó súnmọ́ wa, lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ MUSON bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé ẹ̀rí dípúlọ́mà lẹ́yìn ọdún méjì, láti ọdún 2006.

Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ kọ́ àmì orin, bí a ṣe ń kọ ohùn sórí ìlà márùn-ún. Wọn yóò dán etí rẹ̀ wò: olùkọ́ yóò tẹ dùùrù, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ láìwo ọwọ́ olùkọ́. Yóò kọ́ irú ohùn tí ó bá ohùn mìíràn mu. Yóò kọ́ bí orin méjì tàbí mẹ́ta ṣe lè máa rìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìgbún ara wọn ní ìgúnpá. Yóò mọ agbára ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ibi tí ohùn rẹ̀ lè ga dé àti ibi tí ó lè lọ sílẹ̀ mọ. Bí ó bá kọ ohun tí kò ṣe é fọn sílẹ̀ fún afọnfèrè, olúwarẹ̀ yóò dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Nígbà tí ó bá máa parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, orin tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ni yóò fi síwájú àwọn olùkọ́.

Ẹ̀yin náà rí i pé iṣẹ́ ọpọlọ ni. Kò yani lẹ́nu pé àwọn onímímọ̀ Mùsùlùmí àtijọ́ ka ìmọ̀ orin mọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Al-Kindi kọ̀wé lórí rẹ̀. Al-Farabi, tí ó kú ní ọdún 950, kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀. Ibn Sina, tí ayé mọ̀ sí oníṣègùn, fi orin sí abẹ́ ìṣirò nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Ash-Shifa. A kò sọ pé nítorí pé wọ́n kọ̀wé lórí rẹ̀ ni ó fi di halálì. Ohun tí a sọ ni pé ìmọ̀ ni, kì í ṣe ìranù, kí ẹni tí ó bá máa kọ̀ ọ́ mọ ohun tí ó ń kọ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMÍMỌ̀ SỌ

Àwọn onímímọ̀ ẹ̀sìn kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a fi pamọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́. Àwọn tí ó kọ̀ ọ́ ní ẹ̀rí tí ó lágbára. Nínú Súrà Lùkúmánù, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń ra ọ̀rọ̀ eré láti fi mú àwọn ènìyàn ṣìnà, Ibn Mas'ud tí ó jẹ́ sààbé àgbà sì sọ pé orin ni ìtumọ̀ rẹ̀. Hádíìsì kan wà nínú ìwé Bukhari tí ó ka ohun èlò orin mọ́ ọtí àti zínà, nínú àwọn ohun tí àwọn kan yóò sọ di ẹ̀tọ́. Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀, kò fi ojú rere wo àwọn olórin Mẹdínà.

Àwọn tí ó gbà á láàyè náà ní ẹ̀rí. Ní ọjọ́ ọdún kan, àwọn ọmọdébìnrin méjì ń kọrin pẹ̀lú ìlù dọ́ọ̀fù nínú yàrá ìyá wa Aishat. Abu Bakr bá wọn wí, ṣùgbọ́n Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ọdún ni. Ibn Hazm, tí ó kú ní ọdún 1064, sọ pé ẹ̀wọ̀n hádíìsì tí Bukhari mú wá lórí ohun èlò orin já, àwọn onímímọ̀ mìíràn sì ta kò ó pé kò já. Imam al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, ya odidi abala kan sọ́tọ̀ nínú Ihya fún orin gbígbọ́. Ohun tí ó sọ níbẹ̀ ni pé kí a wo ohun tí orin ń sọ, kí a wo ọkàn ẹni tí ń gbọ́ ọ, kí a sì wo ibi àti àkókò tí a ti ń gbọ́ ọ.

Ìwé ìròyìn yìí kì í ṣe ibi tí a ti ń dá fátíwà. Kí olúkúlùkù lọ bá àáfáà tí ó mọ̀wé, tí ó sì bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tí ó kọ̀ àti àwọn tí ó gbà jọ fẹnu kò lé lórí: irọ́ kò dára, yálà a fi ẹnu sọ ọ́ ni tàbí a fi orin kọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ènìyàn yóò sọ tí málááíkà kò ní kọ sílẹ̀. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé yìí ni àwa yóò gbà wọlé.

ẸYIN LOHÙN

Èdè Yorùbá kì í ṣe èdè tí à ń fi ohùn rẹ̀ ṣeré. Ohùn mẹ́ta ni ó ní: ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, èyí tí a kọ́ ní ilé ìwé pẹ̀lú dò, re, mí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan. Bí ohùn bá lọ láti ìsàlẹ̀ sí òkè, "ìyá" ni a ó gbọ́, ẹni tí ó bí wa. Bí ohùn náà kò bá gòkè, tí ó dúró sí ìsàlẹ̀, "ìyà" ni a ó gbọ́. Lẹ́tà kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni à ń ṣìkẹ́, ọ̀kan ni à ń sá fún. Ẹ tún wo òmíràn. Bí ohùn bá ń gòkè, "ọ̀run" ni. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, "ọrùn" ni. Ẹni tí ó bá gbé ohùn orin tí ń sọ̀ kalẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí lórí ti mú kí àwọn ènìyàn máa bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó fi wọ́n sínú ọrùn.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi òwe yìí ṣọ́. Ẹni tí ó bá ń gbé orin kalẹ̀ ní èdè wa tún ní láti fi ṣọ́ ohùn orin.

Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọ́kọ́ kàgbákò ọ̀rọ̀ yìí láàárín wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n túmọ̀ orin ìsìn àwọn òyìnbó sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohùn orin òyìnbó sílẹ̀ bí ó ti wà. Ohùn tí ń gòkè tàbí tí ń sọ̀ kalẹ̀ kì í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà bí ó ti ń yí ti Yorùbá. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ẹnu wọn sọ ohun tí ọkàn wọn kò rò nìyẹn, nítorí pé orin náà ti yí ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti, tí ó gbé ayé láti 1855 sí 1930, wà lára àwọn tí ó padà sí ohùn ìbílẹ̀, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní ọdún 1922. Lẹ́yìn rẹ̀ ni T. K. E. Phillips, tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College of Music ní London láti 1911 sí 1914. Ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó fún ọdún tí ó lé ní ogójì, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Ìlànà tí ó tẹ̀ lé ni pé kí ohùn orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀.

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá gidigidi. Àwa náà ń kọrin níbi àsálátù, níbi Máólúdì àti níbi wólímà. Nínú orin wákà tí àwọn ìyá wa gbé kalẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ohùn máa ń bá ara wọn mu, nítorí pé etí wọn mọ̀ ọ́n bí wọn kò tilẹ̀ wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá mú ohùn orin láti inú fíìmù Íńdíà tàbí láti inú kọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì to ìyìn Ànábì lé e lórí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ni yóò ṣẹlẹ̀ sí wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ yin Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, tí ó sì jẹ́ kí orin lọ́ orúkọ ìyìn náà títí tí kò fi ní ìtumọ̀ mọ́, ṣé ó ti yìn ín ni?

Ibí ni ẹ̀kọ́ àgbékalẹ̀ orin ti wúlò, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà. Nínú ìlànà òyìnbó, ohùn mẹ́rin ni ó sábà máa ń kọrin pọ̀: ohùn obìnrin méjì, ohùn ọkùnrin méjì. Ìwé wọn fẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń gòkè, kí òmíràn máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan náà sí ẹnu àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni àkọ́kọ́ yóò máa wí pé "ìyá", àwọn tí ó kù yóò máa wí pé "ìyà". Ẹnì kan ń sọ òtítọ́, ẹni mẹ́ta ń bà á jẹ́, àwùjọ yóò sì pàtẹ́wọ́ pé orin náà dùn! Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ṣe máa ń gbè ohùn fún ara wọn yàtọ̀ sí èyí: ohùn méjèèjì máa ń gòkè pọ̀, wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ kò sì ní bàjẹ́. Àwọn ohùn kan wà tí ìwé òyìnbó sọ pé kò gbọdọ̀ rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ òfin ìwé nìkan yóò gba máàkì, yóò sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ òfin ìwé, tí ó sì mọ òfin èdè rẹ̀, ni yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó bá ìwé jiyàn.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni ewu wà nínú rẹ̀, kí ó gbé orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kalẹ̀." Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n kò tó láàárín wa. Ìyáàlù kò ní ẹnu, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀. Orin Yorùbá tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu lè ní i nínú.

ÀWỌN OLÙKỌ́ TÍ A NÍ NÍ ÀGBÈGBÈ WA

Ẹdẹ kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìlú yìí tí Tìmì Àbíbù Lágúnjú ti jẹ ọba Mùsùlùmí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Tìmì mìíràn tún jẹ tí ayé mọ̀ sí onímọ̀ ìlù. Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè, tí ó wà lórí oyè láti 1946 sí 1975, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì kọ àpilẹ̀kọ lórí àwọn ìlù Yorùbá ní àwọn ọdún 1950. Ọmọ ìjọ Baptist ni, kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó jàǹfààní ìmọ̀ rẹ̀. Oyè tí ó jẹ kò jẹ́ kí ó fojú kéré ọ̀pá ìlù.

Ẹ tún wo orúkọ àwọn onílù. Láàárín àwọn tí ó ń lu dùndún ní ilẹ̀ Yorùbá, Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù. Nígbà tí Akin Euba, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1935, parí ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College ní London àti ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà, tí ó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí dùndún, ọ̀dọ̀ àwọn onílù ni ó padà sí. Láìsí Àyánsọlá ti Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ. Ní ọdún 1974 ni yunifásítì Ghana fún un ní oyè náà, ìwé ńlá rẹ̀ lórí dùndún sì jáde ní ọdún 1990. Ní ọdún tí ó ṣáájú, 1989, Mùráínà Oyèlámí ti Ìrágbìjí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, ti tẹ ìwé tirẹ̀ jáde lórí bí a ṣe lè fi àmì kọ orin dùndún sílẹ̀. Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Rábíù Àyándòkun gbé ìlù rẹ̀ dé òkè òkun. Láìsí, Mùráínà, Rábíù: ẹ gbọ́ orúkọ wọn.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní ni pé ìwé ẹ̀rí kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá onílù tí ó ti ń fi etí kọ́ iṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n ọ́n. Ọmọ tí ó bá ti yunifásítì dé, tí ó ń pe àwọn onílù ní púrúǹtù, kò mọ ẹni tí ó kọ́ olùkọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé ìmọ̀ ìlù yàtọ̀ sí ìbọ Àyàn. Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ bọ igi, kò sì gbọdọ̀ bọ awọ, ṣùgbọ́n mímọ̀ bí igi àti awọ ṣe ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ìbọ.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Ohùn tí ó lè sọ òtítọ́ lè purọ́ pẹ̀lú. Onílù lè fi ìlù sọ ẹni tí ó kó owó ìlú jẹ di akọni, kí ó sì fi oríkì bàbá rẹ̀ gbé e gẹṣin, nítorí náírà tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Ẹ̀rí èké ni èyí, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Ẹni tí ó lọ sí yunifásítì láti kọ́ orin lè ṣe ohun kan náà pẹ̀lú fayolíìnì ogún. Orin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú pópó sààrì, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń jí Mùsùlùmí nínú Ràmàdáánì, di wéré, wéré sì di fújì lọ́wọ́ Síkírù Àyìndé Barrister (1948 sí 2010) àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sí ojú agbo àríyá. Ìmọ̀ náà kò yí padà, ẹni tí à ń fi sìn ni ó yí padà.

Ohun kan tún wà tí kò dọ́gba nínú àwùjọ. Ẹni tí ó ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ orin nítorí ẹ̀sìn a máa pe olórin wá sí ìgbéyàwó, a sì máa ná owó lé e lórí títí tí àkókò ìrun Ishai yóò fi kọjá. Kò ka kíkọ́ sí ohun tí ó tọ́, ó ka nínáwó sí ohun tí ó tọ́! Bí a bá fẹ́ kọ orin sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá ń gbọ́ ọ, ó sàn kí ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun wà lára àwọn tí ń gbé e kalẹ̀.

ÒBÍ ÀTI OÚNJẸ ÒÒJỌ́

Ìbẹ̀rù àwọn òbí kì í ṣe asán. Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905, lọ sí London láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kí ó tó yà sí orin. Òun ni ó gbé African Suite kalẹ̀ ní ọdún 1944, tí ó sì mú ohùn orin Ephraim Amu ti Ghana sínú rẹ̀. Àwọn òbí Fẹlá Aníkúlápó fẹ́ kí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ṣùgbọ́n orin ni ó kọ́ nígbà tí ó dé London ní ọdún 1958. A kò sọ ìtàn wọ̀nyí kí ọmọ kan lè máa gba owó ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfin lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kí ó sì máa fi kọ́ orin. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ohùn pẹ̀lú irọ́ ti ba ohùn ara rẹ̀ jẹ́. Kí ó jókòó ti àwọn òbí rẹ̀, kí ó ṣàlàyé, kí ó ní sùúrù, kí ó sì rán àwọn àgbà sí wọn bí ó bá ṣòro.

Kí ó sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ náà fún wọn pẹ̀lú. Ìdí ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀kọ́ orin tí a fi ìwé kọ́ ti hù jáde ní ilẹ̀ wa, ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ dùùrù àti ẹgbẹ́ akọrin wà. Ọmọ Mùsùlùmí tí ó bá jáde lè di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, ó lè gbé orin kalẹ̀ fún rédíò, fún fíìmù tàbí fún eré orí ìtàgé, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ yóò há ju ti ọmọ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì lọ. Kò sí ìdí láti fi èyí pamọ́.

Kódà nínú ẹ̀kọ́ náà, yóò bá orin ìsìn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì pàdé. Ìlànà wa lórí èyí bá ohun tí a ti ń sọ bọ̀ mu. Kí ó yẹ orin náà wò láti mọ bí wọ́n ṣe to ohùn rẹ̀, ìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ó la ẹnu kéde ohun tí kò gbà gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ẹ̀rí tí kò bá ọkàn rẹ̀ mu ni. Kí ó fi ọ̀wọ̀ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó di ọjọ́ ìdánwò. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì pàápàá mọ ìrora yìí: ní ọdún 1933, Ephraim Amu pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ rẹ̀ ní Akropong, nítorí pé ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ lórí àga ìwàásù, ó sì mú ohun èlò orin ilẹ̀ wọn wọ inú ìsìn. Kò kọ́ ìmọ̀ náà sílẹ̀, kò sì bú wọn.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín lọ́nà kan tí ó yàtọ̀. Àwọn onímímọ̀ tún jiyàn lórí kí obìnrin kọrin níwájú ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé orin kalẹ̀ kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ẹni tí yóò kọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ìwé. Ó lè gbé orin kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé kéú, fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, kí òun sì wà nínú híjáàbù rẹ̀ ní ilé rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà nínú ẹ̀kọ́ yìí, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin kí ó tó kọ orúkọ ẹ̀ka náà sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Èkíní: Ǹjẹ́ mo ti bèèrè lọ́wọ́ onímímọ̀, ǹjẹ́ ọkàn mi sì balẹ̀ sí ìdáhùn rẹ̀, àbí ẹni tí yóò sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni mò ń wá kiri?

Èkejì: Ta ni màá fi ohùn mi sìn? Bí olówó tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ bá ní kí n gbé orin ìyìn kalẹ̀ fún òun, ṣé mo lè kọ̀, kódà bí ebi bá ń pa mí?

Ẹ̀kẹta: Ǹjẹ́ mo gbọ́ Yorùbá dénú? Ẹni tí kò mọ ohùn èdè rẹ̀, yóò kàn kọ́ bí a ṣe ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lọ́nà tí ó dùn ni.

Ẹ̀kẹrin: Nígbà tí àsìkò ìrun bá kò mí lójú níbi ìfidánrawò, èwo ni màá fi sílẹ̀?

Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ojú kò tì í níwájú Ọlọ́hun rẹ̀, àwa kò ní lé e kúrò láàárín wa. Kí ó máa lọ, kí ó kọ́ ọ dáadáa, kí ó sì padà wá tún orin àsálátù wa ṣe. Ẹni tí ó bá sì rí i pé ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ju agbára òun lọ, kí ó yan ìmọ̀ mìíràn láìbanújẹ́. Etí tí ó mú kò ní sọnù, yóò wúlò fún un nínú kíké Àlùkùránì. Ẹ rántí Abu Musa al-Ash'ari, tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ohùn dídùn rẹ̀ wé ti ará ilé Ànábì Dáúdà. Ọlọ́hun tí ó fún un ní ohùn náà ni ó fún yín ní tiyín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi èébú dáhùn ìbéèrè ọmọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi àgídí dáhùn ìbẹ̀rù òbí. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ohùn wa bá ọ̀rọ̀ wa mu, kí ọ̀rọ̀ wa bá ìṣe wa mu, kí Ó má sì jẹ́ kí ohun tí a kọ́ di ẹlẹ́rìí tí yóò ta kò wá ní ọjọ́ tí gbogbo ẹnu yóò dákẹ́. Àmíìn. Wassalaam.